Wákàtí kan tó sọnù láàárín ọ́fíìsì àti sítọ̀

Sátidé 8 oṣù Kọkànlá 2025 ni Alhaja pè mí. Aago méje àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ni, mi ò tíì fọ ẹnu. Kò kí mi, kò bi mí bí mo ṣe sùn. "Ẹnjiníà, kọ̀ǹpútà tó o wá tò sílé iṣẹ́ mi, ó ti bà mí lórúkọ jẹ́ lónìí."

Àga, kánópí, kúlà àti họ́ọ̀lù ni Alhaja ń yá àwọn ènìyàn, lẹ́bàá Òkè-Fìà níbí ní Òṣogbo. Wọ́n ti gba iṣẹ́ nikah kan ní Òkè-Báálẹ̀ fún ọjọ́ yẹn, kánópí mẹ́jọ. Aago mẹ́fà ló yẹ kí mọ́tò ti gbéra ní sítọ̀, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ lè na gbogbo rẹ̀ tán kí oòrùn tó mú. Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méje lù, ìyá ìyàwó pe Alhaja, ó ní ṣé abẹ́ igi máńgòrò ni kí òun to àlejò sí ni. Alhaja sáré dé sítọ̀, ó bá àwọn ọmọ iṣẹ́ lórí àga oníbàárà, wọ́n ń fi àkàrà mu ògì, ara ò kán ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní aago méje ni kọ̀ǹpútà wí.

Kàlẹ́ńdà kan ni ọ́fíìsì àti sítọ̀ jọ ń lò lórí kọ̀ǹpútà, èmi ni mo tò ó fún wọn. Lórí laptop ọmọ Alhaja tó wà ní ọ́fíìsì, aago mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Kàlẹ́ńdà kan náà, iṣẹ́ kan náà, orúkọ ìyàwó kan náà.

Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé bí a ṣe tú u dé ìdí, ọwọ́ mi ló ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ló sì fi sùn síbẹ̀ láìmira kí ó tó jí.

Ìwé gígùn kan báyìí, tí òróró kúlà ti rin ẹ̀yìn rẹ̀, ni gbogbo ọjà Alhaja wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá mú ìwé lọ́wọ́ nìkan ló mọ ohun tó ń lọ. Bí ọ́fíìsì bá ṣèlérí ọgọ́rùn-ún méjì àga, ó dìgbà tí ẹnì kan bá rìn dé sítọ̀ kí wọ́n tó gbọ́ níbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún, wọ́n gba owó àsansílẹ̀ họ́ọ̀lù kan náà lọ́wọ́ olókùú àti lọ́wọ́ ẹni tó ń sọmọ lórúkọ, Sátidé kan náà. Ọmọ Alhaja, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ló ní ọ̀rọ̀ ìwé yìí ti sú òun, ó ní kí n bá wọn wá nǹkan kan kí oṣù Kẹjọ tó dé. Ẹni tó bá gbé Òṣogbo mọ ohun tí oṣù Kẹjọ jẹ́ fún ẹni tó ń yá àga: àlejò ọdún Ọ̀ṣun máa ń kún ìlú, gbogbo ẹbí tó bá sì ní ayẹyẹ nílẹ̀ á fẹ́ ṣe é nígbà tí àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè ṣì wà nílé.

Bó bá jẹ́ tèmi ni, kàlẹ́ńdà Google ni ǹ bá lò, kí n ṣe é ní ìdajì wákàtí kí n sì máa lọ. Alhaja kọ̀. Kò fẹ́ kí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà òun kúrò nínú ọgbà òun. Ọ́fíìsì àti sítọ̀ kúkú wà nínú ọgbà kan náà, Wi-Fi kan ló sì ń dé ibi méjèèjì, nítorí náà mi ò bá a jiyàn. A ó gbé server tiwa kalẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí gbogbo àwọn tó kù á ti máa ka kàlẹ́ńdà.

Oṣù Keje la ṣe é. Kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ti dàgbà ni mo fi Linux sí, mo gbé e sábẹ́ tábìlì akọ̀wé, mo so òun àti router mọ́ inverter. Radicale, ètò tó ń tọ́jú kàlẹ́ńdà, ni server tí mo gbé sórí rẹ̀. Mo fẹ́ràn Radicale nítorí pé kò ní ariwo: fóldà ni kàlẹ́ńdà kọ̀ọ̀kan, fáìlì kan ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ lásán ló sì wà nínú fáìlì náà, o lè ṣí i kà bí ẹni ka lẹ́tà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, òun ló gbà wá sílẹ̀ nígbẹ̀yìn. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kì í gbọ́ ti ẹlòmíràn yàtọ̀ sí kọ̀ǹpútà tó wà lórí rẹ̀, àfi kí o kọ ọ́ sínú ètò rẹ̀ pé kó dá àwọn tó kù lóhùn lójú ọ̀nà 5232. Bákan náà, oníkálukú ló máa ń fi tirẹ̀ hàn. Kí n má baà máa kọ òfin ta ló lè rí kí ni, orúkọ ìwọlé kan ṣoṣo ni mo ṣe fún gbogbo ilé iṣẹ́, pẹ̀lú kàlẹ́ńdà mẹ́ta: Họ́ọ̀lù, Ẹrù, Ìpàdé. Ewu rẹ̀ ni pé server ò ní mọ ẹni tó kọ kí ni. A wá fẹnu kò pé kí kálukú fi lẹ́tà kan síwájú ohun tó bá kọ: À fún Àǹtí, K fún akọ̀wé, S fún Bọ̀dá Sítọ̀.

Thunderbird, ètò ímeèlì tó ní kàlẹ́ńdà nínú, ni mo fi sórí kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: laptop Àǹtí, kọ̀ǹpútà akọ̀wé àti ti sítọ̀. Láyé àtijọ́, o ní láti lọ wá kàlẹ́ńdà rẹ̀ lọ́tọ̀, Lightning ni wọ́n ń pè é. Láti ẹ̀yà 78 tó jáde ní 2020, inú rẹ̀ gan-an ló wà. O máa ní kí ó ṣí kàlẹ́ńdà tuntun, o máa yan ti orí nẹ́tíwọ̀kì, o máa kọ orúkọ ìwọlé àti àdírẹ́sì server, òun fúnra rẹ̀ á sì wá àwọn kàlẹ́ńdà tó bá wà níbẹ̀ jáde kí o mú èyí tó wù ọ́. CalDAV ni èdè tí òun àti server fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ìlànà rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti 2007, ìdí nìyẹn tí nǹkan tí ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kọ fi lè gbọ́ra wọn yé. Mo fi DAVx5, ètò tó ń mú kàlẹ́ńdà server wọ fóònù, sórí fóònù Bọ̀dá Sítọ̀ kí nǹkan lè máa dún lápò rẹ̀ bí kò bá sí nídìí kọ̀ǹpútà.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹnì kan yọ wáyà router láti fi ẹ̀rọ ìlọta síbẹ̀. Nígbà tí router tan padà, ó fún server ní àdírẹ́sì mìíràn, àmì ìkìlọ̀ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà. Mo wọ inú router, mo fi àdírẹ́sì kan pamọ́ fún server títí ayé. Ìyẹn ò pẹ́.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo jókòó tì wọ́n, mo sọ ohun kan tí mo máa ń sọ fún gbogbo ènìyàn: kàlẹ́ńdà yìí ò ní dí yín lọ́wọ́ láti gba iṣẹ́ méjì lọ́jọ́ kan náà. Server ò mọ̀ pé họ́ọ̀lù kan ṣoṣo lẹ ní. Ẹ wo ọjọ́ náà kí ẹ tó kọ. Wọ́n gbọ́, wọ́n sì ń ṣe é.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wo aago. Mo wo igun ìsàlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo wo fóònù mi, gbogbo wọn bára mu dé orí ìṣẹ́jú. Mo kọ "aago: ó dára" sínú ìwé iṣẹ́ mi. Ó ṣì wà níbẹ̀, mo máa ń wò ó.

Oṣù Kẹjọ kọjá bí ẹní fi bọ́tà kọjá lọ́fun. Alhaja fún mi ní ẹran iléyá ọdún tó ń bọ̀ lẹ́nu ṣáájú.

Ní Sátidé tó pè mí yìí, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kọ̀ǹpútà sítọ̀ ò gba ìròyìn tuntun. Bóyá aago méje ni wọ́n kọ́kọ́ kọ, tí Àǹtí wá yí i sí mẹ́fà, tí ìyípadà náà ò sì dé sítọ̀. Mo tẹ bọ́tìnì pé kó lọ bá server sọ̀rọ̀. Ó lọ, ó bọ̀, aago méje ló ṣì wà níbẹ̀. Mo yọ kàlẹ́ńdà náà kúrò pátápátá, mo tún un fi sí i. Aago méje. Mo lọ wo kọ̀ǹpútà akọ̀wé: aago méje. Fóònù Bọ̀dá Sítọ̀: aago méje. Mẹ́ta sí ẹyọ kan. Mo wo igun ìsàlẹ̀ laptop Àǹtí, aago tó wà níbẹ̀ tọ̀nà ṣáká. Mo fi wé fóònù mi, kò yẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọpọlọ mi ti dúró. Bí aago ara rẹ̀ bá tọ̀nà, kí ló mú un máa ka wákàtí sẹ́yìn?

Alhaja ló là mí lójú láìmọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá Bọ̀dá Sítọ̀ jà lọ́wọ́. "Kì í ṣe tòní nìkan. Mọ́ńdè méjì nìyí tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń wá sí ìpàdé ní aago mẹ́sàn-án. Aago mẹ́jọ la ti ń ṣe ìpàdé látọjọ́ yìí. Ọ̀lẹ ò rí nǹkan wí, ó ní fóònù ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Alhaja, ẹ dákun, fóònù ló sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́," ni Bọ̀dá Sítọ̀ wí. Ó na fóònù náà sí mi. Gbogbo Mọ́ńdè oṣù Kẹjọ, oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá, aago mẹ́jọ. Títí dé Mọ́ńdè 20 oṣù Kẹwàá. Láti Mọ́ńdè 27, aago mẹ́sàn-án, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. (Mi ò ní purọ́, ó jọ pé inú àwọn ọmọ iṣẹ́ dùn sí i, kò sì sí ẹni tó béèrè ìdí.)

Mo tún rí ohun kejì. Iṣẹ́ họ́ọ̀lù, tó jẹ́ pé gbogbo ọjọ́ ni a fi ń kọ ọ́, tí kò ní wákàtí nínú, kò yẹ̀ níbi kankan. Èyí tó ní wákàtí nìkan ló ń yẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì ò lè mọ ìyàtọ̀ àárín àwọn méjì yìí. Mo wá fi nẹ́tíwọ̀kì sílẹ̀.

Mo bọ́ sábẹ́ tábìlì akọ̀wé, mo so kíbọ́ọ̀dù mọ́ server, mo sì ṣí fáìlì nikah náà. Ìlà tí mo ń wá nìyí (DTSTART ni ọjọ́ àti wákàtí tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, TZID ni ìlú tí wákàtí náà ń tẹ̀lé aago rẹ̀):

DTSTART;TZID=Europe/London:20251108T060000

Mo ṣí ọ̀kan tí akọ̀wé kọ fún ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀:

DTSTART;TZID=Africa/Lagos:20251115T100000

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín ara mi. Àǹtí ń gba iṣẹ́ ní Òṣogbo, ṣùgbọ́n laptop rẹ̀ gbà pé London lòún wà.

Ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní London ló fi laptop náà ránṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí i, tó tò ó, tó sì fún ẹni tó ń bọ̀ nílé. Kò sí ẹni tó yí ibi tó wà padà. Ẹni tó bá sì ní ará ní London mọ bí aago wọn ṣe ń rìn: bí o bá pè wọ́n nígbà òjò, aago yín dọ́gba; bí o bá pè wọ́n nígbà ọyẹ́, wọ́n á ti fi wákàtí kan gbẹ́yìn rẹ. Láti Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù Kẹta títí di Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá ni wọ́n ń ti aago wọn síwájú, àwa ní Nàìjíríà kì í yí tiwa láti January dé December. Ní 2025, Sọ́ńdè 26 oṣù Kẹwàá ni wọ́n dá tiwọn padà. Ní oṣù Keje tí mo wo igun ìsàlẹ̀, aago London àti aago Òṣogbo ò fi ìṣẹ́jú kan yàtọ̀ síra. Aago ni mo wò. Ibi tí kọ̀ǹpútà gbà pé òun wà, mi ò wò ó.

Ohun tó tún dùn mí ni pé àṣìṣe nikah yẹn kò dúró de oṣù Kẹwàá. Oṣù Kẹjọ ni Àǹtí ti kọ ọ́ sílẹ̀: aago mẹ́fà, 8 oṣù Kọkànlá. Laptop rẹ̀ mọ̀ pé tó bá máa fi di oṣù Kọkànlá, London á ti dá aago padà, nítorí náà aago mẹ́fà London nígbà yẹn, aago méje Òṣogbo ni. Láti ọjọ́ tó ti kọ ọ́ ni kọ̀ǹpútà sítọ̀ ti ń fi aago méje hàn. Ta ni yóò máa wo oṣù Kọkànlá nínú oṣù Kẹjọ, pẹ̀lú gbogbo àga tó ń jáde?

Ó ṣẹ́ ku ọ̀rọ̀ kan. Bí laptop bá wà ní London, ó yẹ kí aago igun rẹ̀ ti fi wákàtí kan gbẹ́yìn láti 26 oṣù Kẹwàá. Kí ló dé tó fi tọ̀nà?

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fọwọ́ kan aago laptop yìí láìpẹ́?"

"Hẹn-ẹn. Sọ́ńdè kan báyìí ni mo tan án, mo rí i pé ó ti gbẹ́yìn. Mo ní bátìrì inú rẹ̀ ló ti ń kú. Mo bá fọwọ́ tì í síwájú."

Ó ti pa ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń gba aago lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì fi wákàtí kan kún un. Ẹni tí bátìrì kọ̀ǹpútà ti kú mọ́ lọ́wọ́ rí kò ní dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ìtìsíwájú yẹn ló bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lójú laptop náà, gbogbo nǹkan tọ̀nà: aago mẹ́jọ Mọ́ńdè ń lu ní aago mẹ́jọ gan-an, Àǹtí sì ń dé ìpàdé lásìkò, ó ń wo àwọn yòókù bí ẹni tí kò níṣẹ́ ṣe.

Àtúnṣe laptop fúnra rẹ̀ ò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Mo kọ́kọ́ yí ibi tó wà sí West Central Africa nínú Windows, mo dá gbígba aago lórí íntánẹ́ẹ̀tì padà, mo wọ inú ètò Thunderbird mo rí i dájú pé Africa/Lagos ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tó gba àkókò ni ohun tó ti kọ sílẹ̀. Mo ní kí server wá gbogbo fáìlì tí London wà nínú rẹ̀: mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mẹ́rìnlá ti kọjá, mo fi wọ́n sílẹ̀. Mẹ́tàdínlógún ló kù.

Ó ṣe mí bíi pé kí n fi àṣẹ kan ṣoṣo yí London sí Lagos nínú gbogbo wọn kí n sì relé. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ohun tó dá mi dúró ni pé orúkọ London nìkan kọ́ ló wà nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan. Ìlànà bí London ṣe ń ti aago síwájú sẹ́yìn wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Bí mo bá yí orúkọ nìkan, fáìlì á máa jẹ́ Lagos, ìwà rẹ̀ á sì jẹ́ ti London, ọjọ́ kan lọ́dún tó ń bọ̀ ni fóònù ẹnì kan á wá dá ọ̀ràn míì sílẹ̀. Mo da gbogbo fóldà náà sórí flash kan, mo sì ní ká ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè tó kàn ni pé báwo la ṣe máa mọ wákàtí tí oníbàárà sọ gan-an. Ibẹ̀ ni Alhaja ti ṣí báàgì rẹ̀, tó mú ìwé gígùn ológbòó náà jáde. Látoṣù Keje, kò tíì dákẹ́ kíkọ sínú rẹ̀. Ó ń kọ ọ́ sílé lálẹ́, kò sọ fún Àǹtí, kò sọ fún mi. Ó wò mí bí ẹni pé kí n wí nǹkan kan. Mi ò wí nǹkan kan o, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Àǹtí ń ka ìwé, èmi ń tún un ṣe lórí laptop, akọ̀wé ń wo tirẹ̀, Bọ̀dá Sítọ̀ ń ké látòdìkejì ọgbà bó bá ti rí i. Èyí tó wà láàárín ìsinsìnyí àti ìparí oṣù Kẹta, a dá wákàtí rẹ̀ padà sẹ́yìn, a sì yí ibi rẹ̀ sí Lagos. Mẹ́rin wà tó jẹ́ ti lẹ́yìn 29 oṣù Kẹta 2026, ìgbà tí London tún máa ti aago síwájú. Àwọn mẹ́rin yìí, wákàtí wọn tọ̀nà tẹ́lẹ̀. Ibi wọn nìkan la yí. Mo ti yọ wákàtí kan kúrò nínú ọ̀kan lára wọn kí Àǹtí tó ní, "Ẹnjiníà, dúró. Aago mẹ́wàá ló wà nínú ìwé." Ní ti ìpàdé Mọ́ńdè, a pa ti àtijọ́ rẹ́, akọ̀wé kọ tuntun.

Alhaja dá ìdajì owó kánópí padà fún ìyá ìyàwó, mo sì fi owó iṣẹ́ ọjọ́ náà dí i. Kò bẹ̀ mí, mi ò sì jẹ́ kó bẹ̀ mí.

Nílé oníbàárà mìíràn báyìí, mi ò kọ "aago: ó dára" mọ́ nítorí pé mo wo igun ìsàlẹ̀. Mo máa ń kọ iṣẹ́ ìdánwò méjì lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú January, ọ̀kan nínú July, aago mẹ́wàá àárọ̀, màá wá rìn lọ wò wọ́n lórí gbogbo àwọn tó kù. Ti January nìkan ì bá ti tú àṣírí laptop yẹn lọ́jọ́ kìíní.

Mọ́ńdè 10 oṣù Kọkànlá, mo débẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i. Laptop dún, kọ̀ǹpútà akọ̀wé dún, fóònù Bọ̀dá Sítọ̀ dún lápò rẹ̀ bó ṣe ń wọlé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wọlé tẹ̀lé e, wọn ò rẹ́rìn-ín sí mi. Mo gbójú sókè wo aago ara ògiri tó wà lókè orí Alhaja, ó ti fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá lé ní mẹ́jọ. Mo fa àga kan mọ́ra láti gùn ún.

"Níbo lò ń lọ?" ni Alhaja wí. "Èmi ni mo fi sáré. Má fọwọ́ kàn án."